Bàtà Funfun Ọjọ́ Ìdádé

Òórùn gọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn lọ́fínńdà tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ fi ń rin aṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi, òórùn gọ́ọ̀mù inú bàtà tuntun ni, èyí tó máa ń ta sí ènìyàn nímú bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí páálí rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà nínú ọjà Ìwó lónìí, tí afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn náà wá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ọ̀tún á ti ká kò kí n tó mọ ohun tí mò ń rò. Ìwọ tí a jọ dàgbà ní àgbègbè ṣọ́ọ̀ṣì á ti mọ àsìkò tí mò ń sọ, ọdún tí gbogbo àwa ọmọbìnrin ẹgbẹ́ ń sáré àtigba adé, tí a kì í sọ nǹkan mìíràn lójú ọ̀nà ilé-ìwé ju àkọ́sórí àti aṣọ funfun lọ. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé mi ládé. O tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò sọ bí mo ṣe gba adé náà fún ọ rí.

O mọ̀ pé kì í ṣe inú Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Kuta ni àwọn òbí mi wà, oko ni wọ́n ń ro. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní kí n má jókòó sóko, kí n wá máa gbé ní Ìwó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kí n lè kàwé ní ilé-ìwé ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í sábàá sí nílé, Ìbàdàn ni iṣẹ́ wọn wà. Ìyàwó wọn ló ni ilé, àwọn ni gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì. Mọ́mì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ohùn wọn á dùn débi pé àwọn àgbà ọkùnrin á máa mi orí. Wọ́n ń san owó ilé-ìwé mi, wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kàn fẹ́ kí n máa rántí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé wọ́n ń fún mi ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń ṣe pàṣán fún mi. Bí mo bá fọ́ àwo, "Kuta ò jìnnà." Bí oorun bá gbé mi lọ tí n kò tètè pọnmi, "Kuta ò jìnnà." Lóòótọ́ sì ni, kò jìnnà, ọ̀kadà lè gbé ènìyàn débẹ̀ kí iṣu tó jinná lórí iná. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó wà ní Kuta fún mi. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣeré níbẹ̀ ti ń ru ẹ̀gẹ́ tẹ̀lé àwọn ìyá wọn, ọ̀kan nínú wọn ti lóyún. Bí wọ́n bá dá mi padà, ìwé ti parí nìyẹn. Nítorí náà, n kì í fèsì bí wọ́n bá bú mi, n kì í sì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ìwé yẹn nìkan ni mo ní láyé.

Mọ́mì ní ọmọbìnrin kan tí mo fi oṣù díẹ̀ jù lọ. Àwa méjèèjì la jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọbìnrin, a sì jọ ṣe ìdánwò ipò Kúìnì, èyí tó ga jù, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan níwájú gbogbo àwọn ìyá. O rántí bí ìdánwò náà ṣe le tó: àkọ́sórí lóríṣiríṣi, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìbéèrè ojú-ẹsẹ̀. Mo kà á bí ẹni ń mu omi. Ọmọ Mọ́mì dé ìdajì, ó dúró, ó ń wo àjà, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n ní kó tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, Mọ́mì kò bá a wí, wọn kò sì kí mi. Wọ́n kàn ní, "Ọlọ́run ṣeun," wọ́n sì wọ yàrá lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí.

Ìdádé kò ṣeé ṣe láìsí bàtà funfun. Aṣọ ni ẹgbẹ́ yá wa, adé ni wọ́n fi páálí àti bébà dídán ṣe, ṣùgbọ́n bàtà di ti olúkúlùkù, ẹni tí kò bá sì ní in kò ní wọlé. Bàtà rọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ ni èmi ní. Ní ilé wa, bó ti rí ní ilé púpọ̀ nígbà náà, wọn kì í mú ọmọdé lọ sọ́jà lọ ra bàtà, torí ọmọdé tó bá dé ọjà á máa nàka sí èyí tí kò kàn án. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀. Wọ́n á ní kí o dúró ṣánṣán lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti gìgísẹ̀ rẹ, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ díẹ̀ kọjá ibi tí àtàǹpàkò rẹ parí sí, nítorí pé ọmọdé ń dàgbà. Ìgbálẹ̀ yẹn ni wọ́n á kó lọ sọ́jà, òun ni oníbàtà á máa tì bọ inú bàtà kọ̀ọ̀kan títí á fi rí èyí tó gbà á.

Mọ́mì wọn ẹsẹ̀ àwa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ní ọmọ àwọn náà nílò bàtà ọdún. Ẹsẹ̀ oko ni tèmi. Ó ti fi ìhòhò tẹ ebè fún ọdún púpọ̀ kó tó mọ bàtà, ó fẹ̀ níwájú, ó sì gùn. Ọmọ Mọ́mì fi mí ṣe ẹ̀sín, ó ní ẹsẹ̀ mi tó ọkọ̀ ojú omi. Ìgbálẹ̀ tirẹ̀ kúrú gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mọ́mì wá òwú dúdú kan, wọ́n so ó mọ́ ìdí ìgbálẹ̀ tèmi, wọ́n ní kí àwọn má baà ṣì wọ́n mú lọ́jà. Inú mi dùn sí òwú yẹn, torí mo rò pé ẹni tó so òwú mọ́ nǹkan ẹni, ó ka ẹni sí.

Bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n rà bọ̀. Ọmọ wọn ló ṣí páálí rẹ̀ ní pálọ̀, òórùn gọ́ọ̀mù náà sì gba gbogbo ilé kan. Bàtà náà lẹ́wà, kí n má purọ́. Ó funfun báláú, òdòdó kékeré kan wà níwájú rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba orí ẹsẹ̀ kọjá. Ìgbálẹ̀ tí oníbàtà fi wọ̀n ọ́n ṣì wà nínú ọ̀kan. Mo fà á yọ, mo sì wo ìdí rẹ̀. Kò sí òwú níbẹ̀. Mo rò pé àṣìṣe ni, pé ìgbálẹ̀ méjèèjì ló dàpọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, àyà mi sì ń já nítorí wọn, torí mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dá ọjà padà.

Wọ́n ń tú gèlè níwájú dígí nígbà tí mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbálẹ̀ yìí kọ́ ni tèmi. Tèmi lẹ so òwú mọ́."

"Mo mọ̀." Wọn kò yíjú padà. "Ọjọ́ kan péré lo máa wọ̀ ọ́. Ọmọ tó máa wọ̀ ọ́ gbó ni mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rà á."

Wọ́n wá wò mí nínú dígí, wọ́n ní, "Bí kò bá sì gbà ẹ́, wí báyìí, kí n ránṣẹ́ sí ìyá ẹ. Kuta ò jìnnà."

Mo ní ó máa gbà mí. Kí ni ǹ bá tún wí? Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, bóyá òwe yìí ló wà lọ́kàn wọn. Mo ti rí àwọn ìkà tó ń fi ìkà wọn pamọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rín bò ó. Mọ́mì kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún mi kedere, bí ẹni tó ń sọ pé kí n lọ gbálẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé bàtà náà lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi òrí pa gìgísẹ̀ mi, mo rẹ bébà sínú omi, mo sì kì í bọ inú rẹ̀ kó lè fẹ̀ díẹ̀. Àfi bí ọmọ Mọ́mì ṣe yọ sí mi lójijì. "Mọ́mì! Ẹ wá wò ó o, ó ń fẹ bàtà mi!" Àṣé òun náà ti mọ̀. Mọ́mì gba bàtà náà, wọ́n tú bébà inú rẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ nù ún gbẹ, wọ́n sì tì í mọ́ inú wọ́dúróòbù. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ìdádé ni n ó tún tó fojú kàn án. O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún àǹtí tó ń kọ́ wa ní ẹgbẹ́. Abẹ́ ta ni àǹtí yẹn wà? Mọ́mì náà ni olórí rẹ̀.

Ìyá mi dé láti Kuta ní àárọ̀ ọjọ́ ìdádé pẹ̀lú iṣu, gààrí àti epo, gbogbo rẹ̀ dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Ó ti gbẹ sí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán, ó sì wọ aṣọ tó wọ̀ níbi ìsìnkú bàbá mi, torí òun ló dára jù nínú aṣọ rẹ̀. Kó tó wò mí rárá, ó ti wà lórí eékún níwájú Mọ́mì. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi o, ìyálé mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí àárẹ̀ lórí àwọn ọmọ tiyín."

"Dìde, ìyàwó, dìde," ni Mọ́mì wí. "Ṣé èmi àti ẹ ló ń ṣọpẹ́ ni? Ọmọ mi náà ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí wọ́n kó iṣu náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Inú yàrá ni Mọ́mì fúnra wọn ti wọ bàtà náà fún mi, ìyá mi sì wà ní ìta tó ń bu omi mu. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ìyẹn sì tún fi kún ìfúnpọ̀ náà. Wọ́n fi ìdí ṣíbí ti gìgísẹ̀ mi, wọ́n tì í, kò wọlé. Wọ́n tún tì í. "Ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ," ni wọ́n wí, bí ẹni pé èmi ni mò ń ṣorí kunkun. Mo ká wọn. Gìgísẹ̀ mi wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, wọ́n fún okùn rẹ̀ pa, wọ́n ní, "Bàtà kì í pa ènìyàn."

Ìwọ rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti rìn: ẹsẹ̀ kan, dúró, ẹsẹ̀ kejì, dúró, láti ẹnu ọ̀nà ńlá títí dé iwájú. Ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ kékeré ń gbé adé lórí tìmùtìmù níwájú wa. Nígbàkigbà tí a bá dúró, gbogbo ara mi ló ń wúwo lé orí àwọn ọmọ ìka tí mo ká sábẹ́ yẹn. Kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, ìléròrò ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi bẹ́. Mo mọ ìgbà tó bẹ́, torí ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rin, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan lẹ́bàá ọ̀nà ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Wo bí eléyìí ṣe ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí nítorí ìrora mi, wọ́n sì rò pé ìwà ni. Mo wo ẹ̀yìn díẹ̀ bí a ti dé iwájú, mo rí ìyá mi níbi ìjókòó ìkẹyìn, ó dìde dúró nígbà tí gbogbo ènìyàn jókòó, ó sì ń fi etí ìborùn nu ojú. Ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún.

Ìkúnlẹ̀ ló burú jù. Bí ènìyàn bá kúnlẹ̀ nínú bàtà, iwájú bàtà ló máa ń tẹ̀, iwájú tèmi kò sì ní àyè kankan tó lè tẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti ka àkọ́sórí mi. N kò ṣì í, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Títí di òní n kò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá, torí ara mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ sì ti yan ẹni tó máa dé mi ládé, Mọ́mì ni. Wọ́n wá dúró níwájú mi, wọ́n gbé adé náà kà mí lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó dáadáa, ẹnu wọn sì súnmọ́ etí mi. "Rẹ́rìn-ín," ni wọ́n wí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà sì pàtẹ́wọ́.

Bí ìsìn ti parí, mo yọ́ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi táǹkì omi òjò, mo jókòó lórí òkúta, mo sì bọ́ bàtà náà. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo fà á, èékánná àtàǹpàkò mi ọ̀tún bá a gbéra sókè, kò já, ó kàn ṣí bí ìdérí. Ibẹ̀ ni ìyá mi bá mi, ó mú ìgò mínírà kan lọ́wọ́ tí wọ́n pín fún un, tí kò mu kó lè gbé e wá fún mi. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ẹ̀rín náà sì kúrò.

"Ta ló ra bàtà yìí fún ẹ?"

"Mọ́mì ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé kò gbà ẹ́?"

"Wọ́n mọ̀, Màámi. Wọ́n ní bí kò bá gbà mí, àwọn á dá mi padà sí Kuta."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo rò pé ó máa tú ìró rẹ̀, kó pọ̀n mí bí mo ti dàgbà tó yẹn, kó sì gbé mi gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ sí ibùdókọ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ìwé kò já mọ́ nǹkan kan fún mi mọ́, mo fẹ́ kí ó gbé mi lọ. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò sí lára mi. Ó ń wo ilé-ìwé wa tó wà ní òdìkejì ọgbà, àwọn fèrèsé rẹ̀ tí wọ́n tì, ó wò ó pẹ́. Ohùn Mọ́mì sì ké láti iwájú: "Kúìnì dà? Onífọ́tò ń dúró o!"

Ìyá mi gbé ìgò náà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó tutọ́ sí etí ìró rẹ̀, ó fi nu ẹ̀jẹ̀ náà. Ó tẹ èékánná mi padà sí àyè rẹ̀. Ó yí ìbọ̀sẹ̀ náà padà kí ibi tó mọ́ lè wà lókè, ó wọ̀ ọ́ fún mi, ó sì mú bàtà. Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn, ó fà á padà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká àwọn ọmọ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ṣe máa ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń wẹ̀ mí ní kékeré.

"Màámi, ó ń dùn mí."

"Má ké. Bí o bá ké, wọ́n á gbọ́."

Ó sì tì í wọlé. Ó lágbára ju Mọ́mì lọ, ọwọ́ tó ń ro oko ni. Kò nílò ṣíbí.

A ya fọ́tò náà. Bí onífọ́tò ti gbé kámẹ́rà sílẹ̀, Mọ́mì ní kí n bọ́ bàtà kí eruku má baà bà á jẹ́, ibẹ̀ náà, lójú gbogbo ènìyàn. Mo bọ́ ọ. Ọmọ wọn ti ń dúró. Wọ́n fi áńkáṣífù nu inú rẹ̀, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sì gbé e fún un. Ó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé e, ó ń yí káàkiri lórí sìmẹ́ǹtì, bàtà ń dún ko-ko-ko. Ẹni tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kún fún àgbà lọ́jọ́ náà, wọ́n rí mi láìní bàtà, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ. Èyí tó pa mí ni ohùn ìyá mi. "Ó mà gbà á o," ló wí. "Ẹ kú ìnáwó, ìyálé mi." Ó sì tún kúnlẹ̀.

Ìhòhò ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, adé lórí, aṣọ funfun lọ́rùn, ọ̀dà títì gbóná lábẹ́ mi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀lé mi, wọ́n ń pè mí ní Kúìnì aláìníbàtà. Ìyá mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò lé wọn. Nígbà tí ọ̀kadà Kuta dé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ mí. Ó ní, "Ìwé ni mo ní kí o wá kà níbí. N ò ní kí o wá gbádùn." Ó gun ọ̀kadà, ó sì lọ. Kò wẹ̀yìn.

Èékánná náà jábọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú, ó kẹ̀, ibà sì mú mi, Mọ́mì sì fún mi ní oògùn, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí pẹ̀lú ohùn dídùn yẹn. Slípáàsì ni mo fi ń lọ sílé-ìwé títí ó fi jinná. Èékánná mìíràn hù, ó nípọn, ó wọ́, ó sì dúdú. Ọmọ ìka tó kéré jù kò nà mọ́ títí di òní. Fọ́tò náà ṣì wà ní pálọ̀ Mọ́mì. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń kúnlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n ń fi mí yangàn fún àlejò, wọ́n á ní àwọn ló tọ́ mi. Aṣọ mi gùn nínú fọ́tò náà, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ hàn. Ohun tí ènìyàn lè rí níbẹ̀ ni ọmọ kan tó dé adé, tó ń rẹ́rìn-ín.

O mọ bí ayé mi ṣe rí lónìí. Mo parí ìwé, mo di nọ́ọ̀sì, mo kọ́ yàrá fún ìyá mi nínú ilé mi. Ní ọjọ́ kan tí mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, tí tèmi sì wà ní ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo rí i pé ó ń wò ó. Mo ní, "Màámi, ẹ rántí ọjọ́ bàtà yẹn?" Mo ti fi ogún ọdún ó lé dúró de kí ó bẹ̀ mí. Bí ó bá sọ pé, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ǹ bá ti sunkún, ǹ bá ti gbàgbé.

Ó ní, "Bí mo bá bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà, ta ni à bá máa pè ní nọ́ọ̀sì lónìí?" Ó sì na ẹsẹ̀ kejì sí mi kí n máa gé e lọ.

Mo gé e. Mo ń wá èsì títí mo fi gé e tán, mo ṣì ń wá a. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ṣeré ní Kuta, mo máa ń rí wọn ní ilé ìwòsàn, wọ́n dàgbà jù mí lọ lójú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá, wọ́n sì máa ń kí mi bí ẹni ń kí ìyá wọn. Ìbínú mi sí Mọ́mì ti rọ̀ bí ọdún ti ń lọ. Ìkà ni wọ́n ṣe, mo lè pè é bẹ́ẹ̀ níbikíbi, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ á bá mi dá a lẹ́bi. Ti ìyá mi ni kò rọ̀. Mo ń bọ́ ọ, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì dárí jì í, n kò sì rí ẹni tí mo lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí pé ó jàre.